Peugeot, Raleigh àti Ẹsẹ̀ Ẹni Tó Gùn Wọ́n

Lójú ọ̀nà tó ti Savalou gba Bantè wọ Manigri ní ilẹ̀ Bénin, tó sì gba Bassila lọ sí Djougou, kẹ̀kẹ́ ológeere ti wà níbẹ̀ kí ọ̀dà tó dé. Kí mọ́tò àti alùpùpù tó di tọmọdé tàgbà, òun ni àgbẹ̀ fi ń kó iṣu bọ̀ láti oko, òun náà ni oníṣòwò fi ń ná ọjà láti ìlú dé ìlú. Àwọn ará Manigri ń sọ ẹ̀ka Yorùbá tiwọn, àwọn ará Bassila ń sọ Anii, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì kan náà ni kẹ̀kẹ́ lè gbà dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Èbúté Kútọnu ni ọjà Faransé ń gbà wọlé, àwọn ilé ìtajà ńlá bíi CFAO àti SCOA ló sì ń tà á. Peugeot wà lára orúkọ tó ròkè jù nínú kẹ̀kẹ́ tí Faransé ń kó wá sí àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ní ìhà ìlà-oòrùn, ní Nàìjíríà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà, Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham ló gbayì. Ẹni tó bá ń gbé láàárín ilẹ̀ méjèèjì, ìbéèrè kan kò ní ṣàì wá sí i lọ́kàn: ṣé orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin ló ń mú kẹ̀kẹ́ yá ni, àbí nǹkan mìíràn?

Ìbéèrè yìí náà ni àwọn tó ń wo ìdíje triathlon ń bá ara wọn fà lónìí. Nínú ìdíje náà, eléré yóò lúwẹ̀ẹ́, yóò gun kẹ̀kẹ́, yóò sì fẹsẹ̀ sáré, kò sì sí ìsinmi láàárín wọn. Èyí tó lórúkọ jù níbẹ̀, Ironman, bẹ̀rẹ̀ ní Hawaii lọ́dún 1978: ìlúwẹ̀ẹ́ kìlómítà 3.8, kẹ̀kẹ́ kìlómítà 180, eré ẹsẹ̀ kìlómítà 42.2. Àwọn tó fi í ṣiṣẹ́ jẹun máa ń ní iléeṣẹ́ kẹ̀kẹ́ tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ wọn, wọ́n a sì máa ti ọ̀dọ̀ ọ̀kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yí onígbọ̀wọ́ padà tó wá borí, àwọn èèyàn á ní kẹ̀kẹ́ tuntun ló gbé e débẹ̀. Bó bá fìdí rẹmi, wọ́n á ní owó ló tàn án kúrò lórí kẹ̀kẹ́ tó bá a lára mu. Lójú tèmi, ọlá tí kò tọ́ sí orúkọ ni tọ̀tún tòsì wọn ń fún un. Bí eléré ṣe jókòó, bí ara rẹ̀ ṣe ń la afẹ́fẹ́ kọjá, irú táyà tó lò, àti iye oṣù tó ti fi gun kẹ̀kẹ́ náà kí ọjọ́ ìdíje tó pé, ìwọ̀nyí lágbára gidi lórí eré rẹ̀. Orúkọ iléeṣẹ́ kò ní agbára kankan lọ́tọ̀ tí a bá yọ ìwọ̀nyí kúrò. Ìtàn eré kẹ̀kẹ́ láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ni mo fi gbè é lẹ́sẹ̀.

Àdéhùn láàárín iléeṣẹ́ kẹ̀kẹ́ àti eléré fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tó eré náà fúnra rẹ̀. Ọdún 1903 ni ìwé ìròyìn L'Auto dá Tour de France sílẹ̀ kó lè rí ìwé tà, kò sì pẹ́ tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ fi rí i pé ibẹ̀ gan-an ni àwọn náà ti lè polówó ọjà. Láti 1905 títí dé 1908, eléré Peugeot ló ń gba ipò kìn-ín-ní lọ́dọọdún. Ní 1908, ẹni tó ṣe ipò kejì ni François Faber, òun náà lórí Peugeot. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó bọ́ sí ọ̀dọ̀ Alcyon, iléeṣẹ́ kẹ̀kẹ́ mìíràn, ó sì gba Tour náà. Ó borí ní ìpele 6, márùn-ún nínú rẹ̀ léraléra. Ẹni tó bá wo ọdún méjì yìí nìkan yóò búra pé Alcyon ju Peugeot lọ. Àmọ́ Lucien Petit-Breton, tó na Faber ní 1908, kò gun kẹ̀kẹ́ nínú ìdíje 1909. Òjò àti òtútù ọdún náà sì le débi pé ọ̀pọ̀ eléré ló fi í sílẹ̀ lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ Faber jẹ́ ọkùnrin gìrìwò tó wúwo tó kìlógíráàmù 91, tí òtútù kì í tètè mú. Ní 1910, Alcyon kan náà ló gùn, ipò kejì ló tún ṣe. Octave Lapize tó borí rẹ̀, Alcyon lòun náà gùn. Kẹ̀kẹ́ kò yí padà, ipò yí padà. Bí Faber bá dúró sọ́dọ̀ Peugeot ní 1909, mi ò rí ìdí tí òjò yẹn kò fi ní bá a lára mu bákan náà.

Ẹ̀rí tó tún lágbára ju ti Faber lọ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 1928 sí 1930. Ní 1928, Alcyon ló ni ipò mẹ́ta àkọ́kọ́: Nicolas Frantz, André Leducq àti Maurice De Waele. Ṣùgbọ́n ní ìpele tó ti Metz lọ sí Charleville, férémù Frantz kán mọ́ ọn nídìí níbi tó ti ń kọjá lórí irin rélùwéè. Kẹ̀kẹ́ obìnrin ni wọ́n rí yá fún un, òun ló sì fi gun nǹkan bí 100 kìlómítà tó kù. Ìṣẹ́jú 28 ló pàdánù lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀ òun ló gba Tour, ó sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 ju ẹnì kejì lọ nígbà tí wọ́n dé Paris. Ìtàn yìí dùn létí, àwọn tó fẹ́ràn láti sọ pé ẹsẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ a sì máa fi gbéra. Mi ò bá wọn lọ títí dé ibẹ̀. Ìṣẹ́jú 28 kì í ṣe kékeré. Ó fi hàn pé kẹ̀kẹ́ tó kéré ju ara lọ, tí ìjókòó rẹ̀ kò sí níbi tó yẹ, lè fi ìyà jẹ alágbára. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè dárúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe kẹ̀kẹ́ náà kó wá ní orúkọ náà ló fà á. Ìwọ̀n ló fà á.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e De Waele gba Tour nígbà tí ara rẹ̀ kò yá rárá. Henri Desgrange, agbátẹrù ìdíje náà, kò dunnú sí i, nítorí ó gbà pé àwọn ẹmẹ̀wà Alcyon ló gbé aláìsàn dé ìparí. Ní 1930 ó fi òpin sí i. Ó yọ orúkọ iléeṣẹ́ kúrò, ó ní kí eléré máa jáde lórúkọ orílẹ̀-èdè wọn, ó sì pín kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ òféèfèé kan náà fún gbogbo wọn láìsí orúkọ lára rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò láti mọ bóyá orúkọ ló ń borí, ó nira kó ṣe é dáa ju báyìí lọ. Ta ló gbà á lọ́dún náà? André Leducq ni, eléré Alcyon tó ti ṣe ipò kejì ní 1928. Ó tún gbà á ní 1932. Wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀.

Fausto Coppi ni mo fẹ́ mú lé e, nítorí pé ìtàn rẹ̀ dé tòsí wa. Orúkọ Legnano ló wà lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nígbà tó gba Giro Ítálì ní 1940 lọ́mọ ogún ọdún, àti nígbà tó fi wákàtí kan gun kìlómítà 45.798 ní Milan lọ́dún 1942, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Lẹ́yìn ogun ó bọ́ sí ọ̀dọ̀ Bianchi, ó sì gba Giro mẹ́rin àti Tour de France méjì. Àwọn ará Ítálì mìíràn ṣì gbà pé Bianchi ló sọ ọ́ di Coppi. Ẹni tó bá ka ọdún rẹ̀ yóò rí i pé ó ti di Coppi kí Bianchi tó mọ̀ ọ́n. Ní Oṣù Kejìlá 1959 ó wá sí Wagadúgù, ní Haute-Volta tó di Bùrkínà Fasò lónìí, wọ́n sì sáré níbẹ̀: Jacques Anquetil ló ṣe ipò kìn-ín-ní, Coppi ṣe ìkejì. Ẹ̀fọn jẹ ẹ́ níbẹ̀, ibà gbé e dè, wọn kò tètè mọ̀ pé ibà ni, ó sì kú ní ọjọ́ 2 Oṣù Kìíní 1960 lẹ́ni ogójì ọdún. Lẹ́yìn rẹ̀ eré kẹ̀kẹ́ fìdí múlẹ̀ gan-an ní ìlú yẹn. Láti 1987 ni Tour du Faso ti ń wáyé níbẹ̀.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí ọdún 1989, torí pé òun ni àwọn tó gbà gbọ́ nínú kẹ̀kẹ́ tuntun fẹ́ràn jù láti tọ́ka sí, ó sì jẹ́ ọdún tí triathlon fúnra rẹ̀ wọ inú ìtàn yìí. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn Tour de France ọdún náà, Laurent Fignon fi ìṣẹ́jú-àáyá 50 wà níwájú Greg LeMond. Kìlómítà 24.5 péré ló kù, láti Versailles sí Paris, kí olúkúlùkù dá gun tirẹ̀. Raleigh ni Fignon gùn, Bottecchia ni LeMond. LeMond so irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, irú èyí tí àwọn eléré triathlon ti ń lò ṣáájú, tó jẹ́ kó lè na apá méjèèjì síwájú, kí ìgúnpá sún mọ́ra, kí ẹ̀yìn sì tẹ́. Fignon kò so ó, kò dé akoto, irun rẹ̀ tó dì sẹ́yìn ń fẹ́ nínú afẹ́fẹ́. LeMond fi ìṣẹ́jú-àáyá 58 yára jù ú lọ, ó sì fi ìṣẹ́jú-àáyá 8 gba Tour. Nítorí náà, nǹkan tí wọ́n so mọ́ kẹ̀kẹ́ lè pinnu ìdíje, mo gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n Bottecchia kọ́ ló na Raleigh. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ṣeé so mọ́ Raleigh Fignon náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tó sì mọ̀ nípa eré yìí kò lè jiyàn rẹ̀.

Ohun tó mú kí irin kékeré bẹ́ẹ̀ lágbára ni afẹ́fẹ́. Bí èèyàn bá ń gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà tó tẹ́ ní kìlómítà 40 láàárín wákàtí kan, ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀, tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ló ń fi bá afẹ́fẹ́ jà, ara rẹ̀ sì ni afẹ́fẹ́ ń kọlù jù, kì í ṣe férémù. Ìdíje wákàtí kan fi èyí hàn kedere. Eddy Merckx gun kìlómítà 49.431 ní Mexico lọ́dún 1972. Chris Boardman, ní 1996, na ọwọ́ rẹ̀ síwájú gbọnrangandan, ó sì gun 56.375. Nígbà tí àwọn aláṣẹ eré kẹ̀kẹ́ wá ní kí àwọn eléré padà sórí irú kẹ̀kẹ́ tí Merckx lò, kí wọ́n jókòó bó ṣe jókòó, Boardman gbìyànjú rẹ̀ ní 2000, ó sì gun 49.441. Mítà 10 péré ló fi ju Merckx lọ. Kìlómítà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7 ló ti lọ. Lóòótọ́ ó ti dàgbà díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin kò lè jẹ irú iyẹn tán. Ẹni tó kọ́kọ́ hùmọ̀ ìjókòó tí Boardman lò ní 1996 ni Graeme Obree ará Scotland. Ní 1993, kẹ̀kẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tó fi bẹ́ríǹgì ẹ̀rọ ìfọṣọ sí nínú, ló fi gun 51.596 kìlómítà, tó sì gba ipò lọ́wọ́ Francesco Moser. Kò sí orúkọ iléeṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Àtakò tó le jù nìyí: òfin àjọ eré kẹ̀kẹ́ ti so ọwọ́ àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ojú ọ̀nà, férémù wọn kò lè gba ìrísí tó wù wọ́n, kẹ̀kẹ́ kò sì gbọdọ̀ fúyẹ́ ju kìlógíráàmù 6.8 lọ. Òfin ìrísí yẹn kò de kẹ̀kẹ́ Ironman, tí olúkúlùkù ti ń dá kojú afẹ́fẹ́ fún kìlómítà 180. Nítorí náà kẹ̀kẹ́ iléeṣẹ́ kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn gan-an, ẹni tó bá yí i padà sì lè jèrè. Craig Alexander ará Ọsirélíà ni wọ́n máa ń mú ṣe ẹlẹ́rìí. Orbea ló fi gba Hawaii ní 2008 àti 2009. Ní 2010 àwọn ọ̀gá orí kẹ̀kẹ́ fi í sẹ́yìn, ó ṣe ipò kẹrin. Ní 2011 ó bọ́ sí ọ̀dọ̀ Specialized, ó gun kẹ̀kẹ́ ní wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 24, ó gba ìdíje náà lẹ́ni ọdún 38, ó sì parí rẹ̀ ní 8:03:56, èyí tó yá ju ti ẹnikẹ́ni ṣáájú rẹ̀. Mi ò ní fọwọ́ rọ́ ẹ̀rí yìí tì. Ó dá mi lójú pé férémù tuntun ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan tó yí padà lọ́dún náà ju ẹyọ kan lọ: ìyà 2010 ti kọ́ ọ pé kó fi ìgbáradì rẹ̀ gbé kẹ̀kẹ́ ró, ó sì tún bó ṣe ń jókòó ṣe kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí nǹkan mẹ́ta bá yí padà pọ̀, kò tọ́ kí èyí tó ní owó ìpolówó gba gbogbo ìyìn. Sì wo ẹni tó ni ipò náà tẹ́lẹ̀: Luc Van Lierde, 8:04:08, ní 1996. Ọdún 15 ni àwọn iléeṣẹ́ fi ń pààrọ̀ ìrísí kẹ̀kẹ́, ìṣẹ́jú-àáyá 12 sì ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ti Jan Frodeno ará Jámánì tún ṣe kedere jù. Ní 2014 ó ṣe ipò kẹta ní Hawaii lórí Specialized, iléeṣẹ́ kan náà tí wọ́n ní ó gbé Alexander ga. Ní 2015 ó bọ́ sí ọ̀dọ̀ Canyon, ó sì gba ìdíje náà. Ó tún gbà á ní 2016. Bí a bá gbé Alexander àti òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Specialized ló ń mú èèyàn borí, òun náà sì ni èèyàn ní láti fi sílẹ̀ kó tó borí! Ní 2017, Canyon ṣì ni Frodeno gùn. Ẹ̀yìn ń dùn ún, ó rìn níbi tó yẹ kó sáré, ó sì ṣe ipò 35. Ní 2019, tí ara rẹ̀ ti le, ó parí rẹ̀ ní 7:51:13, ó sì fi tayọ gbogbo ẹni tó ti sáré níbẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. Ìyàtọ̀ láàárín Frodeno alára líle àti Frodeno ẹlẹ́yìn ríro tóbi ju ìyàtọ̀ èyíkéyìí tí a lè rí láàárín iléeṣẹ́ méjì lọ.

Ẹni tó bá ní àpẹẹrẹ méjì mẹ́ta kò tó, kó wo Mark Cavendish, tó borí ní ìpele 35 nínú Tour de France, tó sì fi ọ̀kan ju Merckx lọ. Giant ló gùn ní 2008, tó gba 4. Scott ní 2009 àti 2010, tó gba 6 àti 5. Specialized ní 2011, tó gba 5. Pinarello ní 2012, tó gba 3. Ó padà sórí Specialized, àkójọ ohun tó gbà ní ọdún mẹ́ta kò ju 3 lọ, torí ó ṣubú ní ọjọ́ kìn-ín-ní Tour 2014. Ní 2016 ó wọ ẹgbẹ́ Dimension Data tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní South Africa, ó bọ́ sórí Cervélo, ó sì gba 4. Ní 2021, Specialized lẹ́ẹ̀kan sí i, 4. Ní 2024, Wilier, 1. Ohun tó ṣàlàyé àwọn ọdún tó lọ sílẹ̀ ni ìṣubú, ọjọ́ orí, àti bóyá ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́ tí yóò fa á dé iwájú. Orúkọ ara férémù kò ṣàlàyé ọ̀kankan nínú wọn.

Kí ló wá dé tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń náwó bẹ́ẹ̀? Nítorí àwa tó ń rà ni. Ohun tí Peugeot ń wá nínú Tour ní 1905 náà ni wọ́n ṣì ń wá ní Hawaii lónìí: kí ẹni tó wà ní ilé ìtajà gbà pé ohun tó gbé aborí náà ló máa gbé òun. Àwọn kan á ní ìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, pé eléré tó bá fọkàn tán kẹ̀kẹ́ rẹ̀ á gùn ún dáadáa. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ lè bá orúkọ èyíkéyìí lọ, ó sì máa ń ṣá bí orúnkún bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Ewu gidi nínú yíyí onígbọ̀wọ́ padà wà níbòmíràn. Férémù iléeṣẹ́ tuntun lè gùn díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ìjókòó lè fi sẹ̀ǹtímítà kan ga, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lè jìnnà sí i. Ẹ̀yìn, ìbàdí àti orúnkún tó ti mọ́ ara wọn lára fún ọdún pípẹ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, ẹni tí kò bá sì fún wọn láyè yóò sanwó rẹ̀ nígbà tó bá bọ́ sílẹ̀ tó fẹ́ sáré kìlómítà 42. Ìdí nìyẹn tí àdéhùn tuntun fi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, tí ìdíje ńlá ṣì wà lọ́nà jíjìn.

Èyí kan àwọn ọ̀dọ́ ẹkùn Donga tó ń gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà Bassila, tí ojú wọn wà lára Tour du Bénin àti Tour du Faso, ju bó ṣe kan ará Hawaii lọ. Ní ayé Peugeot àti Raleigh, ìwọ̀n tó bá wà nílé ìtajà ni èèyàn ń rà, ara rẹ̀ ló sì máa tẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni atúnkẹ̀kẹ́ṣe lábẹ́ igi yóò tú nọ́ọ̀tì, tí yóò fa òpó ìjókòó sókè, tí yóò ní kí oníkẹ̀kẹ́ gùn ún wò kó tó fún un pa. Iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yẹn sún mọ́ ohun tí Alexander ṣe sí ìjókòó rẹ̀ ní 2011 ju orúkọ ara férémù lọ. Nítorí náà, bí iléeṣẹ́ kan bá na àdéhùn sí ọmọ Manigri tàbí Bassila lọ́la, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ní férémù ìwọ̀n tirẹ̀, bóyá yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní oṣù mélòó kan ṣáájú ìdíje, bóyá wọ́n á jẹ́ kó lo ìjókòó tó ti mọ́ ọn lára, àti ta ni yóò máa ra táyà nígbà tí àkọ́kọ́ bá jẹ tán. Orúkọ tí wọ́n bá fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́.